Ohùn Tí Ó Lọ Sílẹ̀: Ìtàn Kíkọ́ Òṣìṣẹ́ Àjèjì ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú ńlá kan ní Ìlú Ọba gba àwọn obìnrin tí wọ́n ti ilẹ̀ Íńdíà àti Pakistan wá síṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti máa bu oúnjẹ fún àwọn tí ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé àwọn obìnrin náà ń le ojú koko, pé wọn kò ní ọ̀yàyà, pé wọn kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣe pọ̀. Ohun kan náà ni àwọn tí ń jẹun níbẹ̀ ń wí. Àwọn obìnrin náà ní tiwọn mọ̀ ọ́n lára pé wọn kò fẹ́ràn àwọn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lójúmọ́ kò pọ̀. Bí ẹnì kan bá gba ẹran tán, ẹni tí ń bu oúnjẹ yóò bi í bóyá ó fẹ́ gravy, ìyẹn omi ọbẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń dà sórí ẹran. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì yóò pe ọ̀rọ̀ náà, yóò sì gbé ohùn rẹ̀ sókè ní ìparí. Obìnrin tí ó ti Íńdíà wá yóò pe ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ yóò lọ sílẹ̀. Ní etí Gẹ̀ẹ́sì, ti àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé, “Ṣé kí n bu ọbẹ̀ sí i fún yín?” Ti ìkejì túmọ̀ sí pé, “Ọbẹ̀ nìyẹn,” bí ẹni pé afọ́jú ni ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó. Ní ilé oúnjẹ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó yọ obì, òun náà ni ó sì yọ ọfà. Ohùn ni ó yàtọ̀.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ohùn ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Igba yàtọ̀ sí igbá, igbá sì yàtọ̀ sí ìgbà. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, “ṣé” tàbí “ǹjẹ́” ni ó máa ń fi ṣáájú. Kò dìgbà tí ó bá gbé ohùn sókè ní ìparí kí ẹni tí ń gbọ́ tó mọ̀ pé ìbéèrè ni. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ohùn pààlà láàárín igbá àti ìgbà. Ohùn ni ó fi ń sọ bóyá òun ń béèrè tàbí òun ń pàṣẹ, bóyá inú òun dùn tàbí inú ń bí òun. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ni ó di ṣíbí ọbẹ̀ mú lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ẹ̀sùn kan náà kàn án.

Ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ yìí jẹ́ apá kan nínú ìtàn tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún: bí àwọn agbanisíṣẹ́ àti ìjọba ṣe ń kọ́ àwọn tí ó ṣí wá láti ilẹ̀ mìíràn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu iṣẹ́. Ibi méjì ni ó fi ìtàn náà hàn jù: Highland Park ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, àti Southall ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní ibi méjèèjì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ó kọ́ni nìkan ni ìbéèrè. Èyí tí ó le jù ni pé: ta ni ó yẹ kí ó jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́?

Dọ́là márùn-ún àti ohun tí ó bá a wá

Ní ọdún 1913, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti Henry Ford ní Highland Park bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà tuntun. Kàkà kí òṣìṣẹ́ máa rìn lọ bá ọkọ̀ tí wọ́n ń tò, ọkọ̀ ni ó ń rìn wá bá òṣìṣẹ́. Oníkálukú dúró sí ojú kan, ó ń ṣe ohun kékeré kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ yá kánkán, ṣùgbọ́n ó sú ènìyàn. Lọ́dún náà, iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó ìdá 370 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé, kí ilé-iṣẹ́ tó lè rí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ jálẹ̀ ọdún, ó ní láti gba bí 370 ènìyàn.

Ní ọjọ́ 5, oṣù kìíní, ọdún 1914, Ford kéde pé òun yóò máa san dọ́là márùn-ún lójúmọ́ fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Ṣáájú ìgbà náà, owó iṣẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án kò ju nǹkan bí dọ́là 2.34 lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ya bo ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà nínú òtútù, débi pé omi ni wọ́n fi lé wọn sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n owó náà ní okùn lọ́rùn. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni owó iṣẹ́ gan-an. Ìyókù ni wọ́n pè ní ìpín nínú èrè, ẹni tí ìwà rẹ̀ bá sì tẹ́ ilé-iṣẹ́ lọ́rùn nìkan ni ó lè gbà á. Wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n ń wò bóyá ilé mọ́ tónítóní, bóyá òṣìṣẹ́ ń fi owó pamọ́, bóyá ó ń mutí, bóyá ó gba àwọn ayálégbé kún ìdílé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àwọn òṣìṣẹ́ ní ìparí ọdún 1914, wọ́n jẹ́ 12,880. Ìdá 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni a bí ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó kù wá láti Poland, Rọ́ṣíà, Romania, Ítálì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù, wọ́n sì jẹ́ oríṣi ènìyàn méjìlélógún. Ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Báyìí ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Ford ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914. Wọ́n pe Peter Roberts, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ YMCA tí ó ti gbé láàárín àwọn tí ń wa èédú ní Pennsylvania, láti wá fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀. Ìlànà náà rọrùn, ó sì gbéṣẹ́. Olùkọ́ kò ní lo èdè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Yóò sọ gbólóhùn kan, yóò sì ṣe é níṣojú wọn: jíjí láàárọ̀, wíwẹ ọwọ́, dídá iná, jíjókòó sídìí oúnjẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wí i tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ti inú ilé, ti ọjà, àti ti ibi iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Ford tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ́ wọn, láìgba owó.

Àsìkò tí wọ́n yàn fún un ni ó yẹ kí a kíyèsí. Kì í ṣe àkókò iṣẹ́. Ṣáájú iṣẹ́ tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí kíláàsì, ara tí ó ti rẹ̀ ni ó sì ń gbé lọ, láìsí owó kankan fún wákàtí náà. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti lọ mọ̀ pé iṣẹ́ òun wà nínú ewu. Ẹ̀kọ́ náà kò sì dúró lórí èdè. Bí a ṣe ń jókòó jẹun, bí a ṣe ń fọ ẹnu, bí a ṣe ń fi owó sí báǹkì, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà rò nípa àṣà àwọn àjèjì hàn gbangba nínú oṣù kan náà tí wọ́n kéde dọ́là márùn-ún. Àwọn ọmọ ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, tí wọ́n jẹ́ ará Gíríìsì àti Rọ́ṣíà, ń ṣe Kérésìmesì ní ọjọ́ 7, oṣù kìíní, gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà wọn. Nítorí pé wọn kò wá síṣẹ́ nígbà ọdún wọn, wọ́n lé iye tí ó wà láàárín 800 sí 900 nínú wọn dànù. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ṣe ọdún ní ọjọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe é.

Ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn ni àwọn òpìtàn kò jẹ́ kí ó parẹ́. Wọ́n gbé ìkòkò ràbàtà kan sórí pèpéle, wọ́n sì ya ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ náà pẹ̀lú aṣọ ilẹ̀ baba wọn lọ́rùn àti ẹrù wọn lọ́wọ́, wọ́n sì wọ inú ìkòkò. Àwọn olùkọ́ fi igi gígùn ro ìkòkò náà bí ẹni ń ro ọkà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi jáde, aṣọ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó wà lọ́rùn wọn, àsíá Amẹ́ríkà sì wà lọ́wọ́ wọn.

A kò gbọdọ̀ fi ojú tín-ínrín wo àǹfààní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Láàárín ọdún 1914 sí 1917, ìdá àwọn òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì já wálẹ̀ láti 35.5 sí 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1920, nǹkan bí 16,000 ènìyàn ti gba ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí náà ní iyì lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó ni ín gba ìwé àkọ́kọ́ fún dídi ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láìṣe ìdánwò mìíràn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ èdè ìlú lè tajà, ó lè rà, ó lè ka ìkìlọ̀ tí ó wà lára ẹ̀rọ, ó sì lè bi ọ̀gá léèrè bí wọ́n ṣe ṣírò owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò náà sọ gbogbo ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà gbọ́. Àjèjì ni ó wọ inú rẹ̀. Fóòmáànù kò wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí ọ̀gá kọ́ ohunkóhun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, nígbà tí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà kò gbé ináwó bẹ́ẹ̀ mọ́, àti ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹ̀ka tí ń yẹ ilé wò di ohun ìtàn.

Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà yọ ní Ìlú Ọba. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òṣìṣẹ́ kò tó níbẹ̀. Òfin ọdún 1948 lórí jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso ní ẹ̀tọ́ láti wọ ìlú náà kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Láti Púnjábì ní Íńdíà àti láti Pakistan, àwọn ènìyàn wá sí ilé-iṣẹ́ rọ́bà àti oúnjẹ ní Southall, sí ilé ìyọ́rin ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti sí ilé ìrànwú ní Bradford.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kò lè sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó já gaara. Àwọn kan pè é ní ọ̀lẹ, àwọn mìíràn pè é ní àìfẹ́ darapọ̀ mọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ inú ilé-iṣẹ́ yóò rí ìdí rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Òru ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ àwọn àjèjì síṣẹ́, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lọ sùn. Wọ́n ń kó àwọn elédè kan náà pọ̀ sójú kan, wọ́n sì ń fi ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè méjèèjì ṣe agbọ̀rọ̀sọ. Ẹni yìí ni ó ń jíṣẹ́ ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ àti ti òṣìṣẹ́ fún ọ̀gá. Ní ibòmíràn, ó ń gba owó ẹ̀yìn kí ó tó bá ènìyàn wáṣẹ́, kò sì wù ú rárá kí àwọn tó kù gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ ni ó ń di èdè náà lọ́nà.

Tom Jupp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Pathway ní Southall wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé èyí yẹ̀ wò. Ní ọdún 1974, pẹ̀lú owó ìjọba, wọ́n dá ibùdó àpapọ̀ sílẹ̀ fún kíkọ́ èdè ní ilé-iṣẹ́, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sì tàn ká ọ̀pọ̀ ìlú. Ìlànà wọn yàtọ̀ gédégédé sí ti Ford. Inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ni, ní àkókò iṣẹ́, owó akẹ́kọ̀ọ́ kò sì dín. Kí olùkọ́ tó kọ ẹ̀kọ́ kankan sílẹ̀, yóò kọ́kọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, yóò máa tẹ́tí sí ohun tí àwọn ènìyàn ń bára wọn sọ ní ti gidi. Kì í ṣe bí a ṣe ń sọ pé ìwé wà lórí tábìlì ni wọ́n kọ́ wọn. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń sọ pé ẹ̀rọ ti dúró, bí a ṣe ń sọ pé ọ̀rọ̀ kò yé ni láìtijú, bí a ṣe ń ka ìwé owó oṣù, àti bí a ṣe ń tọrọ àyè ìsinmi.

Láìpẹ́ ni wọ́n rí i pé ìdajì iṣẹ́ ni èyí. Òṣìṣẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà sídìí ẹ̀rọ, fóòmáànù kò sì bá a sọ̀rọ̀. Tàbí kí ó sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó sọ, kí wọ́n sì ṣì í lóye síbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kíláàsì fún àwọn fóòmáànù, àwọn ọ̀gá àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú.

Nínú iṣẹ́ yìí ni John Gumperz ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Onímọ̀ èdè ni, láti Yunifásítì California ní Berkeley. Òun fúnra rẹ̀ sì mọ ohun tí ó ń jẹ́ àjèjì, nítorí Jámánì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1922 kí ó tó sá àsálà lọ sí Amẹ́ríkà. Òun ni ó ròyìn ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ pápákọ̀ nínú ìwé rẹ̀, Discourse Strategies, tí ó jáde ní ọdún 1982. Wọ́n gba ohùn àwọn tí ń bu oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún wọn láti gbọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn obìnrin náà kò rí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tí olùkọ́ àti ọ̀gá wọn ṣàlàyé ohun tí etí Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́, ojú wọn là. Wọ́n rántí ìgbà tí ohùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣe àjèjì sí àwọn. Ọ̀gá ilé oúnjẹ náà sì kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀: ohùn tí ó lọ sílẹ̀ yẹn ni ohùn tí àwọn obìnrin náà fi ń béèrè ọ̀rọ̀, kò sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìjókòó mélòó kan, ìwà àti ìṣesí dára sí i.

Ní ọdún 1979, BBC gbé fíìmù kan jáde pẹ̀lú wọn, tí wọ́n pè ní Crosstalk, láti fi irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ han gbogbo ìlú. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi hàn ni bí ènìyàn ṣe ń to ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ti Gúúsù Éṣíà wá sábà máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, kí ó tó sọ ohun tí ó fẹ́ gan-an. Gẹ̀ẹ́sì ń retí kókó ọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tètè gbọ́ ọ, á rò pé ẹni náà kò mọ ohun tí ó ń sọ, á sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti kí ènìyàn tán, tí ó béèrè ilé, béèrè ọ̀nà, kí ó tó sọ ohun tí ó gbé e wá, mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró lójijì.

Ibi tí ẹ̀kọ́ èdè kò lè dé

Kì í ṣe gbogbo aáwọ̀ ni àṣìgbọ́ ń fà. Ní ọdún 1972, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti Gúúsù Éṣíà wá daṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Mansfield Hosiery ní Loughborough, nítorí wọ́n dínà mọ́ wọn láti dé ipò ahunṣọ, níbi tí owó pọ̀ sí. Ní ọdún 1974, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Imperial Typewriters ní Leicester, lórí owó àti lórí ojúsàájú. Nínú méjèèjì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó yẹ kí ó gbèjà wọn kò dúró tì wọ́n bí ó ti yẹ. Ohun tí àwọn ènìyàn yìí ń sọ yé gbogbo ayé. Wọn kò kàn fẹ́ gbọ́ ni. Àwọn olùkọ́ èdè mọ̀ pé bí wọn kò bá ṣọ́ra, agbanisíṣẹ́ lè fi kíláàsì bo ìyànjẹ mọ́lẹ̀, kí ó máa wí pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn òṣìṣẹ́ ni kò tíì dán mọ́rán. Nítorí náà, bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ ìyànjẹ wọ inú ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Nígbà tí Celia Roberts, Evelyn Davies àti Tom Jupp kọ ìtàn iṣẹ́ náà ní ọdún 1992, Language and Discrimination ni wọ́n pe ìwé wọn: èdè àti ìyànjẹ. Owó ìjọba tí ó gbé iṣẹ́ náà ró ti dópin ní ọdún 1989.

Láti ìgbà náà, ẹrù náà ti padà sórí òṣìṣẹ́. Lónìí, nọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ìnáwó ìdánwò náà sì sábà máa ń ti àpò rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Kò sí ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá wọn lọ́hùn-ún, láti mọ̀ bóyá òun náà lè tẹ́tí sí ohùn tí kò jọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí òkè òkun. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lẹ táìlì, tí ń mọlé, tí ń ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀, ni ó ti Benin àti Togo wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ Yorùbá, láìsí kíláàsì, láìsí olùkọ́. Nígbà tí onílé bá pariwo mọ́ ọ̀kan nínú wọn pé ó ya aláìgbọ́ràn, tàbí tí ìyàwó ilé bá ní ọmọ-ọ̀dọ̀ òun ń fún òun lésì bí ẹni ń bínú, ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ pápákọ̀ ni ó tún ń ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá ni ó jókòó sípò ọ̀gá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ó tó sọ pé ẹni náà kò lẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ohùn tí ó lọ sílẹ̀ yẹn ni ohùn tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ nílùú rẹ̀.